Katikíìsì Tó Ru Irin Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Àwọn tó ń bi mí léèrè irú ènìyàn tí Bàbá mi àgbà jẹ́ kì í sábà fẹ́ mọ bó ṣe gbé ayé rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ kẹ́dùn, wọ́n á ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni pé katikíìsì gbé Ògún rù láti abà wọ ìlú, lójú gbogbo ayé? Màá ní lóòótọ́ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà nígbà tó rù ú. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n jókòó, nítorí n kò lè sọ ọ́ lórí ìdúró, inú sì tètè máa ń bí mi bí wọ́n bá já ọ̀rọ̀ náà gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá kì í rìn jẹ́jẹ́. Ọjọ́ ogbó rẹ̀ ti jìnnà kó tó gbà láti mú ọ̀pá dání, nígbà tó sì mú un tán, ewúrẹ́ ló ń fi lé kúrò lójú ọ̀nà. Bó bá ń lọ, ó máa ń ka rósárì sókè, débi pé àwọn tó wà níwájú ilé á ti gbọ́ “Mo kí ọ, Màríà” kí wọ́n tó rí fìlà rẹ̀. Ìlú wa kò tóbi. Ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Erìjìyàn ló wà, oko kòkó yí i ká, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohùn yẹn. Fadá kan ṣoṣo ló ń bójú tó àwa àti àwọn ìlú mìíràn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú ló jẹ́ pé Bàbá ló ń darí àdúrà wa, òun ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, òun náà ló ń lọ wo aláìsàn. Kì í gun ọ̀kadà lọ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lè gbé e dé. Nígbà kan tí oòrùn mú ganrín, mo ti mú fóònù jáde láti pe ọlọ́kadà, mo ní kí ló dé tí wọ́n ń fìyà jẹ ara wọn báyìí. Kò tilẹ̀ dúró. Ó ní, “Tẹ̀rẹ́sà, Ọlọ́run kì í fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó rán mi.”

Kí n má sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ṣá. Bàbá le. Bí agogo bá ti lù, ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, ẹni tó bá pẹ́ á dúró síta. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde kan, alága ìgbìmọ̀ ìjọ wa ló pẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀, nínú aṣọ tuntun. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni alága yìí, Pírínsípà ni gbogbo ìlú ń pè é, kì í sì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń fi síta. Ó kan ìlẹ̀kùn títí. Bàbá wá ṣí fèrèsé, ó kí i dáadáa, ó ní, “Sà, Jésù ti jí kùtùkùtù. Ẹ jẹ́ kí a parí orin tí a fi ń kí i.” Àwa ọmọ kéékèèké tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì fi ọwọ́ bo ẹnu. Pírínsípà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, ìyàwó rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbàgbé.

Ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn kò yé bá a jà lé lórí ni orúkọ rẹ̀. Ògúnlékè ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, kò sí ẹni tí Ògún kò sí nínú orúkọ rẹ̀ nínú agbo ilé náà. Fadá tó wà nígbà èwe rẹ̀ ní kó yí i padà sí Olúlékè, pé ṣé kò gbọ́ bí ó ṣe ń dún ni lẹ́nu katikíìsì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yí tiwọn padà. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Nígbà tí wọ́n ń sọ mí lórúkọ yẹn, èmi ni n kò tíì mọ Ọlọ́run. Òun ti mọ̀ mí.”

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó tún fẹ́ràn ibi tí Ọlọ́run ti sọ fún Ábúráhámù pé kó jáde kúrò nílé bàbá rẹ̀ tó o. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: kúrò ní ilẹ̀ rẹ, kúrò lọ́dọ̀ àwọn ìbátan rẹ, kí o lọ sí ilẹ̀ tí Èmi yóò fi hàn ọ́. Bàbá á wá bi wọ́n pé ibo ni Ọlọ́run ní kó máa lọ. Wọ́n á fi ìdùnnú dáhùn pé Kénáánì. Á ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n á tún un kà, ojú á wá máa tì wọ́n, nítorí Ọlọ́run kò dárúkọ ibì kankan fún bàbá àgbàlagbà yẹn. “Ẹ ṣe bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ ló nígbàgbọ́,” ni Bàbá máa ń wí. “Ẹni yẹn mọ ọ̀nà ni.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn Ábúráhámù nìkan ló ń sọ. Bàbá ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Abà nítorí pé abà, níbi tí bàbá wọn ti rọ irin títí ó fi kú, ló ń gbé. Òun ló jogún irin Ògún ilé náà: owú tí bàbá wọn fi ń rọ nǹkan, ẹ̀mú, àti àwọn irin àtijọ́ mìíràn tí ìpẹtà ti jẹ. Òun ló ń bọ ọ́. Nígbà tí Bàbá ṣe ìrìbọmi, tó sì kó wá sí ìlú lẹ́yìn Fadá, Bàbá Abà sọ fún un lójú àwọn ẹbí pé ó ti já òun sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó lé ní àádọ́ta ọdún, kò wọ ilé Bàbá, Bàbá kò sì sun abà mọ́jú. Síbẹ̀, lọ́dọọdún tí iṣu bá jáde, bí Bàbá Abà bá ti fi tirẹ̀ bọ Ògún tán, á di iṣu tó tóbi jù ránṣẹ́ sí Bàbá. Bàbá náà, bí Fadá bá ti súre sí tirẹ̀ tán, á di ránṣẹ́ sí abà. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ó ṣeun. Mo bi Bàbá pé irú ìjà wo leléyìí. Ó ní, “Ìjà ọmọ ìyá ni. A kì í torí rẹ̀ kọ oúnjẹ ara wa.”

Lẹ́yìn náà ni àwọn ajínigbé wọ igbó wa.

Ẹni tí kò bá gbé agbègbè wa ní àkókò yẹn lè rò pé mò ń sọ àsọdùn. Àgbẹ̀ á lọ sóko, kò ní padà wálé. Fóònù rẹ̀ á wá pe ilé lálẹ́, kì í ṣe ohùn rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Àwọn ará abà kó ẹrù, wọ́n sá wá sí ìlú. Kòkó gbẹ lórí igi, ẹyẹ ń jẹ ẹ́. Àwọn ọlọ́dẹ wa lọ jókòó sídìí odò tó pààlà láàrin ìlú àti oko, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Gbogbo ará abà dé tán àfi ẹnì kan. Bàbá Abà ti ṣubú ní ọdún tó ṣáájú, ìbàdí rẹ̀ kò sàn tán. Àwọn tó sá wá bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò lọ.

Ilé-ìwé wa ní Ìjerò, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, ti gba ìsinmi, mo sì wà lọ́dọ̀ Bàbá nígbà náà. Mo rí i bí ìrònú ṣe ń jẹ ẹ́. Ó fi ọwọ́ kan oúnjẹ, ó tì í. Ó lọ bá olórí ọlọ́dẹ, ìyẹn ní àwọn ń dúró de ènìyàn sí i, kó fún àwọn láyè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ ìró ìbọn láti ìhà abà. Bàbá wọ bàtà, ó mú ọ̀pá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní wọn ò ní lọ, pé wọ́n á kọ́kọ́ gbé èmi ṣánlẹ̀ kí wọ́n tó kọjá. Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó dí ọ̀nà. Ó ní, “Yálà kí o yà, tàbí ká jọ lọ.” Mo wọ bàtà tèmi.

Ní ìdí odò, olórí ọlọ́dẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní, “Katikíìsì, kò tíì dé bẹ́ẹ̀ yẹn o. Ẹ dúró di ọ̀la, a ó jọ lọ.” Bàbá ní bí wọ́n bá gbé ẹ̀gbọ́n òun lónìí, kí lòun máa fi ọ̀la ṣe. Ó gun igi tí wọ́n fi ṣe afárá. Mo tẹ̀lé e.

Ọ̀nà náà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ewé kòkó gbígbẹ bo ilẹ̀, ó sì ń pariwo lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bàbá ń ka rósárì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. A dé abà. Àwọn ilé ṣí sílẹ̀, ewúrẹ́ ń jáde ní yàrá. Níwájú ilé tó kẹ́yìn, Bàbá Abà jókòó, ó ń sun iṣu. Kò dìde.

“Àjàní,” ó pe Bàbá ní oríkì rẹ̀, “ọ̀nà gbé ọ débí o. Àb'ó ṣì ọ́ ni?”

“Kò ṣì mí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ dìde ká lọ.”

“Lọ sí bo?”

“Sí ulé mi.”

“Ulé bàbá mi rèé.”

“Ulé bàbá wa ni. Ẹ dìde.”

Bàbá Abà yí iṣu náà padà lórí iná. Ó ní òun mọ̀ pé ikú ń bọ̀, pé òun náà gbọ́ ìbọn. Ó wá fi ẹnu júwe igun ilé, níbi tí àwọn irin wà lábẹ́ màrìwò. “Ta ní á ṣọ́ urin? Àwọn ọmọ mi ò sí nítòsí. Ìbàdí mi ò lè gbé e. Mi ò ní í fi owú bàbá mi sílẹ̀ sá lọ. Ẹni tó bá lè ṣe é ti ṣe é.” Gbogbo wa mọ ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà gún lára.

Mo ní ẹ jẹ́ kí èmi gbé e, pé mo lágbára. Ó ní obìnrin kì í gbé e nílé àwọn, ọmọkùnrin tí wọ́n bí sínú agbo ilé náà nìkan ló ń gbé e. Inú bí mi. Mo ní ṣé ká jókòó kí wọ́n wá kó wa mọ́ irin ni. Kò tilẹ̀ bojú wò mí. Mo yíjú sí Bàbá, mo rò pé á bá mi bínú sí i, pé á wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde. Bàbá ti bọ́ fìlà.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e?” ó béèrè. “Mo ti gbàgbé.”

Bàbá Abà yọ ọwọ́ kúrò lára iṣu. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní orí lásán ni wọ́n fi ń rù ú, lórí òṣùká màrìwò. Pé láti ìgbà tó bá ti kúrò nílẹ̀, kò gbọdọ̀ tún kan ilẹ̀ títí yóò fi dé ibi tó ń lọ, ẹni tó rù ú kò sì gbọdọ̀ fọhùn lójú ọ̀nà. Ó wá na ìka sí ọrùn Bàbá. “Wàá bọ́ ìyẹn.”

Rósárì ni. Bàbá ní, “Mi ò ní í bọ́ ọ.”

Wọ́n wo ara wọn. Mo ń gbọ́ nǹkan nínú igbó lọ́tùn-ún, n kò mọ̀ bóyá ẹranko ni. Àwọn àgbààgbà méjì yìí dúró síbẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ọjọ́ ṣì wà níwájú wọn. Níkẹyìn Bàbá Abà mi kanlẹ̀, ó ní, “Kó wà ńbẹ̀.” Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká òṣùká náà lé orí àbúrò rẹ̀.

Owú yẹn wúwo. Èmi ni mo gbé ọ̀pá Bàbá fún Bàbá Abà, ó ń tiro lẹ́yìn, mo sì wà láàrin wọn. N kò tíì rí Bàbá tó rìn lọ́ra bẹ́ẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò tíì bá a rìn rí kí n má gbọ́ ohùn rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, mo rí i nígbà tó yí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìró kankan.

Ibi tí kòkó ti pọ̀ jù la wà nígbà tí a gbọ́ ọ̀kadà. Ó ń bọ̀ láti apá òsì, ọ̀nà oko tó máa pàdé tiwa níwájú. Kò sí ọmọ ìlú wa tó ń gun ọ̀kadà níbẹ̀ mọ́. A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, sáàrin igi kòkó. Mo fa Bàbá Abà jókòó. Bàbá kò lè jókòó, kò lè bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹrù orí rẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan. Ọ̀kadà náà dé ìkòríta, ó dúró, wọn kò pa á. A gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ń wo ọrùn Bàbá bó ṣe ń gbọ̀n, òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò sì lè nu ún.

Bàbá Abà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́. “Àjàní, sọ ọ́ kalẹ̀.”

Bàbá kò mira.

“Èmi ni mo ni í, mo yọ̀ǹda. Sọ ọ́ kalẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rí ọ.”

Èmi náà di ẹsẹ̀ Bàbá mú, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ni òfin ti fagi lé òfin. Kí ló kù? Bàbá di ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú ṣinṣin. Bàbá Abà fi ọwọ́ bo ojú ara rẹ̀. A wà bẹ́ẹ̀ títí ọ̀kadà náà fi tún bú, ó sì gba ìhà òkè lọ, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ní ìdí odò, àwọn ọlọ́dẹ na ìbọn sí wa, wọ́n ń béèrè ta nìyẹn, Bàbá tó wà níwájú kò sì dáhùn. Èmi ni mo fi ariwo pe orúkọ wa. Wọ́n fẹ́ gba ẹrù náà lórí rẹ̀, Bàbá Abà ní rárá. Nítorí ìbàdí Bàbá Abà, a ò lè gba ẹ̀yìnkùlé, ọ̀nà títì la gbà, ní ọ̀sán gangan. A kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. A kọjá níwájú ilé Pírínsípà, ó wà lórí àga níta, ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ katikísìmù kí Bàbá, kò dá wọn lóhùn. Ó lọ tààrà sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ lábẹ́ igi ìyeyè, ó sì di ògiri mú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Tẹ̀rẹ́sà, bu omi fún ẹ̀gbọ́n mi.”

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìgbìmọ̀ ìjọ ti pè é. Mo tẹ̀lé e lọ, mo dúró lẹ́bàá fèrèsé, wọn kò sì lé mi. Fadá wa, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tí kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa, bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ bọ ọ́?” Bàbá ní, “Mi ò bọ ọ́. Mo rù ú.” Pírínsípà ní kí ni àwọn á wá wí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú òrìṣà, tí katikíìsì ti kọ́ pé kí wọ́n jáde kúrò nílé bàbá wọn bí Ábúráhámù. Bàbá ní kí wọ́n kà á síwájú díẹ̀, ibi tí àwọn ọba ti kó Lọ́ọ̀tì, ọmọ arákùnrin rẹ̀, lẹ́rú, tí Ábúráhámù fi gbéra lọ gbà á padà. Ó ní Ọlọ́run ní kó fi ilé sílẹ̀, kò ní kó fi ẹbí sílẹ̀ fún ajínigbé. Pírínsípà wá ní, “Lọ́ọ̀tì ò ní irin lẹ́yìn.” Bàbá rò ó díẹ̀, ó ní òótọ́ nìyẹn, pé tòun ló ní. “Ẹrù ẹ̀gbọ́n mi ni. Láìsí i, kò ní wá.”

N kò lè sọ pé ènìyàn burúkú ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo sọ ọ́ nígbà náà, mo sì sọ ọ́ sókè. Ìkọsẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Fadá kò dí i lọ́nà oúnjẹ mímọ́. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe kò ju pé kó dìde ní ọjọ́ Àìkú, kó sọ fún ìjọ pé òun kábàámọ̀, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá ní òun ò lè ṣe é. Wọ́n fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn ló ń jókòó, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tì mọ́ àwọn tó pẹ́.

Ó dùn ún. Ẹni tó bá ní kò dùn ún kò rí i ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí á ti wọṣọ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, tí á wá jókòó, kò sí ohun tó fẹ́ ṣe. Bàbá Abà, tó ti wá ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé wa, rí i. Òun ló wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sọ fún wọn pé ó kábàámọ̀, pé Ògún ò ní bínú, pé òun alára ò ní bínú. Bàbá ní kó jẹ èkọ rẹ̀ kó má tutù. Nígbà tó ku àwa méjì, mo ní, ṣé ẹ ò rí i pé Bàbá Abà fúnra wọn ti gbà? Kí ló ń dà yín láàmú? Ó ní, “Bí mo bá ní mo kábàámọ̀ irin, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi yóò gbọ́ ni pé òun ni mo kábàámọ̀.”

Mo tún bi í nípa oko kòkó, pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni í yọ̀ǹda. Ó ní láti ọjọ́ ìrìbọmi òun ni ẹ̀gbọ́n òun ti gbà pé ohun tó bá wúwo, òun á já a sílẹ̀. “Mo fẹ́ kí ó rí mi.”

Àìsàn tó pa á kò pẹ́. Fadá wá fi òróró kùn ún, ó sì bẹ̀ ẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, kódà nínú yàrá, òun á kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé katikíìsì wa ló ń lọ. Omi wà lójú Fadá. Bàbá tẹ́ ọwọ́ lé orí rẹ̀ bí ẹni pé òun ni Fadá, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n ti orí bẹ́ǹṣì mi lọ. Ibi tí mò ń lọ ò jìn sí i.” Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nílẹ̀ wa, àgbà kì í tẹ̀lé òkú àbúrò. Ní ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ẹbí ti ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, wọ́n fi obìnrin méjì ṣọ́ Bàbá Abà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pósí wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Bàbá Abà tó ń tiro bọ̀ lójú títì, pẹ̀lú ọ̀pá Bàbá, àwọn obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Kò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan rí láyé rẹ̀. Pírínsípà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ní, “Bàbá, ẹ padà sílé. Èèwọ̀ ni.”

Bàbá Abà sinmi lé ọ̀pá kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀. Ó ní, “Ọ̀nà abà jìn ju bíyìí lọ. Àjàní rìn ín.”

Pírínsípà wò ó. Ó yẹra, ó di apá rẹ̀ mú, ó mú un lọ sórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn. Mo jókòó tì í. Kò kọrin, kò kúnlẹ̀, kò dìde nígbà tí àwọn yòókù dìde. Nígbà tí Fadá ń wọ́n omi mímọ́ sórí pósí, ó fi ẹnu súnmọ́ mi létí, ó bi mí pé ta ní á wá máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n.